Òfo ní Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógójì

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí Olójú Mẹ́rin fi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn alárùn kòrónà. Kì í ṣe àṣà rẹ̀. Iṣẹ́ ayẹ̀jẹ̀wò ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn náà, inú láàbù ló sì máa ń wà láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, tó dojú kọ ìgò àti ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ rọ ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kó tó kí i. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá.

Màmá Wọ́ọ̀dù ń ka iye sílíńdà afẹ́fẹ́ tó kù nígbà tó gbójú sókè tó rí i. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi kan kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀.

"Olójú Mẹ́rin! Kí ló dé? Ṣé wọ́n lé ọ jáde nínú ìgò ni?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín ní kọ̀rọ̀."

Wọ́n wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí. Olójú Mẹ́rin ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ iṣẹ́ nù ún. Ó nù ún títí, ó tún nù ún.

"Bó o bá nù ún ju báyìí lọ, á lu jára," ni Màmá Wọ́ọ̀dù wí. "Sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tá a gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni, mà."

Oṣù méjì lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Dókítà Àgbà, ọ̀gá gbogbo ilé ìwòsàn, pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó fẹ́ mọ iye ọmọ ogun tí abẹ́rẹ́ náà gbé dìde nínú ara kálukú, àwọn tí ìwé ìṣègùn ń pè ní àǹtíbọ́dì. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló na apá. Kò sí orúkọ lára ìgò, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ti ẹnìkejì.

"Èmi ni mo gba tiyín," ni Olójú Mẹ́rin wí. "Kò yẹ kí n rántí nọ́ńbà yín, ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀. Mẹ́tàdínlógójì."

"Ó dáa. Kí ló ṣe nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì?"

"Òfo ni, mà."

"Òfo báwo?"

"Òfo bí ẹni pé ẹ ò gba abẹ́rẹ́ rí láyé yín. Àwọn kan ní ẹgbẹ̀rún méjì, àwọn kan ní ẹgbẹ̀ta. Àgbà mẹ́rin wà níbẹ̀ tí tiwọn kéré, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ara àgbà kì í yára jí. Àmọ́ tiyín, ẹyọ kan péré ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

Màmá Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ju eyín lọ. "Bóyá ẹ̀rọ yín ló sùn lọ."

"Ẹ̀rọ ò sùn. Mẹ́rìndínlógójì dára, méjìdínlógójì dára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín wọn lòfo." Ó gbé gíláàsì padà sójú. "Màmá, kì í ṣe ìyẹn nìkan ló gbé mi wá. Dókítà Àgbà ti rí ìwé náà lánàá. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni o. Ó kàn ka fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà: obìnrin, ọdún méjìléláàádọ́ta, kò ní àìsàn kankan, kò lo oògùn kankan. Ó ní bí ẹni tí ara rẹ̀ le tó báyìí bá ní òfo, tí àwọn mẹ́rin sì ní díẹ̀, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló ti bàjẹ́ nínú fíríìjì. Ó ní Ìyá Yìnyín ló máa jẹ́jọ́ ẹ̀. Aago méjì ọ̀sán òní ni ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́."

Ìyá Yìnyín ni obìnrin tó ń tọ́jú fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Kò ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ìwòsàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan yìnyín rẹ̀ láìtọrọ àyè.

"Màmá," ni Olójú Mẹ́rin wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ṣé kò sí nǹkan kan? Oògùn kan tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ?"

"Kò sí."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. Olójú Mẹ́rin wò ó díẹ̀, ó mi orí, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ.

Màmá Wọ́ọ̀dù jókòó lórí òkìtì aṣọ ibùsùn. Eékún rẹ̀ méjèèjì ń jó o bí ẹni pé wọ́n fi ata kùn wọ́n.

Ọdún kẹfà rèé tí àrùn oríkèé ti ń bá a jà. Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló rò pé ọ̀tá ni eékún, ọrùn ọwọ́ àti ìka rẹ̀ í ṣe, wọ́n sì kọjú ìjà sí wọn. Dókítà kan ní ìlú mìíràn ló ń fún un ní oògùn tó ń mú àwọn ọmọ ogun náà rọlẹ̀. Bí kò bá lò ó, kò ní lè di abẹ́rẹ́ mú, ká má tiẹ̀ sọ pé ó gbé aláìsàn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, nìkan ló mọ̀. Ilé ìwòsàn tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n: ó jẹ́wọ́ fún wọn níbẹ̀, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n gbàdúrà fún un, ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ọdún kan gbáko ló fi ń gbọn eruku. Ó búra nígbà náà pé kò sí ọ̀gá kankan tó tún máa gbọ́ orúkọ oògùn òun mọ́. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ti Olójú Mẹ́rin dé, tó bi í pé ṣé ó ń lo oògùn kan, ó kọ "Rárá" láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà kọ́kọ́ dé, gbogbo wọn ló ń sá fún un bí ẹni ń sá fún ẹkùn. Àwọn kan ní á sọ àwọn di àgàn, àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fi wọ́n dánra wò ni. Agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, opó kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló dúró láàárín àgbàlá tó ní, "Ẹni tó bá ní ó dáa, kó kọ́kọ́ gbà á ká rí i!" Màmá Wọ́ọ̀dù ká apá aṣọ sókè lójú gbogbo ayé, ó sì na apá. Ó yí padà sí agbálẹ̀, ó ní, "Ó yá, ìwọ ló kàn." Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ń tò sórí ìlà.

Àwọn èèyàn yẹn ni wọ́n máa jókòó sí ìpàdé ní aago méjì.

Bó ṣe ń gbìyànjú láti dìde ni nọ́ọ̀sì kékeré kan gbá ilẹ̀kùn yàrá aṣọ. "Màmá! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sáré! Baba awakọ̀ ti yọ afẹ́fẹ́ kúrò nímú!"

Ibùsùn kẹfà ni baba náà wà, arúgbó tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí kòrónà sì ti gba èémí rẹ̀ dé ìdajì. Nígbà mìíràn, bí ọpọlọ rẹ̀ bá dàrú, á rò pé wọ́n fẹ́ fún òun lọ́rùn ni. Màmá Wọ́ọ̀dù wọ aṣọ gbọọrọ, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wọ ìbòmú, ó fi ike ìbòjú lé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

Ó ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Gbogbo ìgbà náà ló ti rò pé ẹ̀wù irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Àṣé ìhòòhò lòun ń wọ inú ogun. Ó rántí gbogbo ikọ́ tí wọ́n ti wú sí i lára, gbogbo ìgbà tó ti tu ìbòmú díẹ̀ nítorí ooru, ìgbà tó fi àìbìkítà jẹun ní yàrá tó kángun sí tiwọn.

"Màmá, ètè ẹ̀ ti ń dúdú!" ni nọ́ọ̀sì kékeré náà ń ké látinú yàrá.

Ó wọlé.

Baba awakọ̀ ń ju apá méjèèjì, ojú rẹ̀ ti là sókè. Màmá Wọ́ọ̀dù tẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Baba, èmi ni. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ má pa iná ọkọ̀ o, a ò tíì délé." Baba náà wú ikọ́ sí i lójú gbàá. Ike ìbòjú gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó tún na ọwọ́, ó gbá ike náà sẹ́yìn, ìka rẹ̀ kọ́ okùn ìbòmú, ó sì fà á wá sí àgbọ̀n. Atẹ́gùn yàrá náà kan imú obìnrin náà ní tààrà. Ó mú èémí sínú, kò mí. Ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ baba mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé ife afẹ́fẹ́ bo imú àti ẹnu baba, ó dì í mọ́ ibẹ̀. Àyà rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré ló fa ìbòmú rẹ̀ padà sókè fún un. Ìgbà yẹn ló tó mí.

Ètè baba bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di ọwọ́ Màmá Wọ́ọ̀dù mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó dúró tì í títí tó fi sùn.

Nígbà tó jáde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fọ ojú, ó fọ ọrùn. Ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó lọ sí ilé oúnjẹ ló ti pàdé Ìyá Yìnyín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé ńlá kan wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Ẹ ti gbọ́, àbí?" ni Ìyá Yìnyín wí. "Wọ́n ní mo ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́sàn-án! Àwọn ọmọ mi ò mu omi tútù nílé kí n má baà gbàgbé pé yìnyín kì í ṣeré lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní iná lọ. Àbí èmi ni mo mú iná lọ?" Ó na ìwé náà sí i. "Ẹ wò ó. Wákàtí márùn-ún ni iná fi lọ. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí yìnyín, mo sì ń kọ bó ṣe tutù tó sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ta ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì yìí ná? Kí ni mo ṣe fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Màmá Wọ́ọ̀dù bí ẹ̀gún. Ó ṣí ẹnu. Àwọn dókítà méjì ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó pa ẹnu dé. "Fara balẹ̀, àbúrò mi," ló rí sọ. "Ọlọ́run á dá sí i."

Bó ṣe ń lọ, ó ń bú ara rẹ̀ nínú. Ọlọ́run wo ló fẹ́ kó dá sí i, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́?

Ó lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń gbọ́ ariwo ayùn lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Ìyàwó mi, o ò pè mí lásìkò iṣẹ́ rí. Ta ló jẹ ọ́ níyà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti baba awakọ̀.

"O gbọ́dọ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn lónìí," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Wọ́n á gbé mi padà sídìí fáìlì."

"Kí wọ́n gbé ọ síbẹ̀. Fáìlì kì í wú ikọ́."

"Àwọn èèyàn tí mo ní kí wọ́n gbà á ńkọ́? Bí mo bá dìde pé kò ṣiṣẹ́ lára mi, wọ́n á ní mo tan àwọn jẹ ni. Wọn ò ní gba abẹ́rẹ́ kẹta tó ń bọ̀."

"Bó o bá sì dákẹ́ ńkọ́? Wọ́n á ní fíríìjì ló bà á jẹ́, wọn ò kúkú ní gbà á náà. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí, àfi pé ọ̀kan ti lé obìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́." Ó húkọ́ díẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tìẹ ò tíì pé ogún ọdún. Jẹ́ kó bá a lónìí, kó tó lọ jìnnà."

Ní aago méjì, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fi àga jìnnà síra wọn, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ìbínú tó wà níbẹ̀ kò gba fèrèsé jáde. Dókítà Àgbà, ọkùnrin gíga tí kì í pariwo, dúró níwájú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ dára. Ó ní ti àwọn mélòó kan kéré. Ó ní ẹnì kan wà tí kò ní rárá, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le, kò lo oògùn.

Agbálẹ̀ ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. "Ṣé omi ni ẹ gún fún wa ni, Dókítà?"

Ariwo sọ. Nọ́ọ̀sì méjì láti wọ́ọ̀dù kòrónà kígbe pé àwọn ò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láti òní lọ. Ẹnì kan lẹ́yìn ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ti sọ ọ́. Dókítà Àgbà gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́, ó sì pe Ìyá Yìnyín síwájú.

Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀. Ó ka wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ka bó ṣe tutù tó.

"Ta ló wà pẹ̀lú yín nígbà tí ẹ̀ ń kọ èyí?" ni Dókítà Àgbà béèrè.

"Èmi nìkan ni, sà. Ọlọ́run sì rí mi."

"Ọlọ́run kì í buwọ́ lùwé níbí, madam. Ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ fíríìjì sílẹ̀ lónìí, títí a ó fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí."

Màmá Wọ́ọ̀dù dìde. Eékún rẹ̀ dún, ó sì di àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ó rò pé òun á kọ́kọ́ túúbá, òun á fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀. Kò rí èyíkéyìí ṣe nínú rẹ̀.

"Èmi ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì."

Gbogbo orí yí sí i. Kódà ẹni tó ń wú ikọ́ gbé e mì.

"Mo purọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn," ló ń bá a lọ, ohùn ńlá rẹ̀ ti di tín-ín-rín. "Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo oògùn oríkèé. Àwọn ọmọ ogun ara mi ló ń bá oríkèé mi jà, oògùn yẹn ló ń mú wọn sùn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, ó pè wọ́n títí, wọn ò jí. Fíríìjì ò ṣe nǹkan kan. Ìyá Yìnyín ò ṣe nǹkan kan. Mo bú mi, ẹ bú mi náà." Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kò gún, ṣùgbọ́n ó ti bọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà Àgbà bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó rìn wá títí tó fi ku ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ń wọ wọ́ọ̀dù yẹn lójoojúmọ́, pẹ̀lú irú oògùn bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ mi sin yín ni?"

"Mi ò fẹ́ padà sídìí fáìlì, sà."

Dókítà Àgbà wò ó bí ẹni pé kò gbọ́ èdè tó sọ.

Agbálẹ̀ ṣì dúró. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Màmá Wọ́ọ̀dù. "Nítorí yín ni mo fi gbà á. Ojú yín ni mo wò o. Ẹ wá tàn mí jẹ?"

"Ara mi ni mo fi pamọ́ fún ọ, mi ò fi abẹ́rẹ́ tàn ọ́."

"Èmi ò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi?"

Ibẹ̀ ni Olójú Mẹ́rin ti dìde ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín èrò. "Ẹni tó bá mú nọ́ńbà ẹ̀ wá sí láàbù, màá fi tiẹ̀ hàn án. Tiẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ pé omi ni wọ́n gún fún yín, ẹ̀jẹ̀ yín á sọ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan."

Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde lọ bá a. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń tò gba abẹ́rẹ́, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ lórí ìlà. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, wọ́n gbọ́ tí agbálẹ̀ pariwo látinú láàbù, "Ẹgbẹ̀rún kan ó lé! Èmi yìí!" Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó ní àwọn ò ní wọ wọ́ọ̀dù mọ́ lọ wo tiwọn. Ọ̀kan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan kò padà, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò sì rí i mọ́.

Ìyá Yìnyín gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà lórí tábìlì. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Wọ́ọ̀dù, ó dúró.

"Ẹ rí mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárọ̀," ló wí. "Mo ń sunkún lójú yín. Ẹ ní kí n fara balẹ̀."

"Dárí jì mí, àbúrò mi."

Ìyá Yìnyín gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó jáde.

Wọ́n fún Màmá Wọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ìbáwí, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù jù kì í ṣe lẹ́tà. Nítorí èémí baba awakọ̀, wọ́n ní kó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á sá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kò sùn. Ó ń wọn ara gbígbóná rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ó ń gbóòórùn ọṣẹ kó lè mọ̀ bóyá imú òun ṣì ń gbọ́ òórùn. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí òdìkejì ilẹ̀kùn, ó ń sọ ìtàn àwọn oníbàárà rẹ̀ fún un, èyí tó sanra jù tó fọ́ àga tuntun lọ́jọ́ tó wá gbé e, tó wá ní igi ló ṣàìsàn. Wọ́n yẹ imú rẹ̀ wò ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kẹwàá. Kò sí kòrónà níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, ó sì sun ẹkún tí kò sun nígbà tí ẹ̀rù ń bà á.

Baba awakọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹjọ tí Màmá Wọ́ọ̀dù kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré ló pè é láti sọ fún un. Ó ní baba náà ń béèrè obìnrin tó ní kí òun má pa iná ọkọ̀.

Dókítà oríkèé rẹ̀ bínú ju Dókítà Àgbà lọ. Ó ní ká ní ó ti sọ fún òun ṣáájú pé ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ kòrónà ni, àwọn ì bá ti tún bó ṣe ń lo oògùn rẹ̀ tò. Wọ́n jọ pinnu pé kó dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ kẹta àti lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun náà lè gbọ́ ìpè. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìrora tí oògùn ti ń ká lọ́wọ́ kò láti ọdún mẹ́fà á jí ṣáájú wọn.

Ọjọ́ tó lọ gba ìkẹta, Ìyá Yìnyín ló gbé abẹ́rẹ́ jáde nínú fíríìjì. Ó kọ aago sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ó yí ìwé náà sí Màmá Wọ́ọ̀dù, ó na gègé sí i.

"Ẹ buwọ́ lù ú," ló wí. "Ní báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n buwọ́ lù ú."

Màmá Wọ́ọ̀dù buwọ́ lù ú. Ìyá Yìnyín wo ìka rẹ̀ tó ti wú bí ìdérí ìgò, bó ṣe ń fi tipátipá di gègé mú. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fún un, nítorí kò lè ká a fúnra rẹ̀.

"Ó ń dùn yín tó báyìí?"

"Ó ń dùn mí."

"Hùn." Ìyá Yìnyín pe ẹni tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Olójú Mẹ́rin pè é sí láàbù. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò lọ́tẹ̀ yìí, gbangba gbàǹgbà, nítorí Màmá Wọ́ọ̀dù ló ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kó jókòó.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta," ló wí.

"Nínú ẹgbẹ̀rún mélòó?"

"Kì í ṣe báyẹn la ṣe ń kà á, mà. Àmọ́ ó kéré. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ padà sí wọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa lo ìbòmú níbi tí èrò bá wà. Bí ikọ́ kan bá mú yín, ẹ tètè wá."

Màmá Wọ́ọ̀dù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè pé kó fi hàn án lórí ẹ̀rọ, ó sì fi hàn án. Ó wo ìlà kékeré náà pẹ́, ìlà tó gbé orí díẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Wọn ò gbé e lọ sídìí fáìlì. Àwọn ẹbí aláìsàn ò lè wọ wọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wọn bí nǹkan ṣe ń lọ, nítorí náà Dókítà Àgbà fún un ní yàrá kan tó ní fèrèsé, tábìlì kan àti fóònù méjì. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló ń pe ìyá, ó ń pe ọkọ, ó ń pe ọmọ, ó ń sọ fún wọn pé ó jẹun, pé ó sùn, pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó kí n tó sọ èyí tó kù. Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí àwọn lọ gba abẹ́rẹ́. Ó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ. Ó sì máa ń bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò, kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.